Ìbò Àfẹnusọ Tí Mo Gbé Dé Calgary

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti wá kí mi káàbọ̀, ẹ sì ti jẹ ṣokoléètì tí mo kó bọ̀. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń bi mí pé báwo ni Canada ṣe rí, èsì kan náà ni mo sì ń fún gbogbo yín, pé ó tutù. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ẹ ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì máa lọ. Òótọ́ ni, ó tutù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ju ti òtútù lọ, n kò sì lè sọ ọ́ fún àlejò tó ń jẹ ṣokoléètì lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ nìyí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí ní Ìkirè, tíṣà ni mí. Government ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tó kọjá lábẹ́ mi mọ̀ pé bí wọ́n bá dárúkọ ìdìbò létí mi, mo lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láì mumi. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹrù wò ní Canada tú báàgì mi tinútẹ̀yìn, wọ́n gbóòórùn dòdò Ìkirè mi, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì dá a padà fún mi. Orí mi ni wọn kò yẹ̀ wò, ibẹ̀ sì ni ẹrù tó léwu wà.

Ìgúnlẹ̀

Káyọ̀dé, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ló wá pàdé mi pẹ̀lú Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀. Bó ṣe fojú kàn mí báyìí, ó kó fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé Bùkọ́lá lọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ dídán yẹn, tòun ti kóòtù rẹ̀ tó nípọn bíi tìmùtìmù. Àwọn tó ń fa báàgì kọjá dúró. Obìnrin òyìnbó kan sáré dé ọ̀dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Oh my goodness, is he okay? Did he fall?"

Bùkọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "He's fine, ma'am. He's just greeting his big sister."

Obìnrin náà wo Káyọ̀dé nílẹ̀, ó wò mí lókè, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní òun náà ní àbúrò ọkùnrin kan, kì í tilẹ̀ gbé fóònù òun. Kí n má parọ́ fún yín, orí mi wú. Mo dúró síbẹ̀ bí ọbabìnrin kan, mo ń ro ó pé ó ku ẹni tí yóò sọ fún mi pé ọmọ wa ti di òyìnbó.

Nígbà tí a jáde síta ni mo mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan nípa òtútù. Ó wọ inú imú mi, ó wọ inú eyín mi, omi sì ń dà lójú mi láì jẹ́ pé mo ń sunkún. Gbogbo ilẹ̀ funfun. Mo bèèrè pé ìgbà wo ni snow yìí máa yọ́, Káyọ̀dé sì rẹ́rìn-ín títí tó fi gbá ọwọ́ mọ́ ọkọ̀.

Skyview Ranch ni wọ́n ń gbé, àwọn ilé ibẹ̀ sì jọ ara wọn débi pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo dúró kan ìlẹ̀kùn ilé ẹlòmíràn. Ọkọ̀ òfurufú ń gba orí òrùlé kọjá bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Káyọ̀dé kò dúró kí n bọ́ bàtà kó tó tú dòdò Ìkirè náà. Ó jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ó dijú, ata ta á, imú rẹ̀ ń ṣomi. Sìmí ọmọbìnrin rẹ̀, tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ti ń lọ yunifásítì báyìí, mú ẹyọ kan, ó gbé e sókè sí iná.

"Big Mummy, is it supposed to be this black?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́, ó mu omi, ó sì tún mú òmíràn. Láti ìgbà náà ni èmi àti ọmọ yẹn ti di ọ̀rẹ́.

Ìwà àwọn ará ibẹ̀

Ẹ ó gbọ́ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í kí èèyàn. Wọ́n ń kí o, tiwọn ló yàtọ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, àgbà àti ọmọdé, bí ẹni pé ọkùnrin náà gbé wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn ni wọ́n máa bẹ̀ ọ́. Ní ilé ìtajà kan, ọmọbìnrin tó ń gba owó bi mí pé báwo ni ọjọ́ mi ṣe ń lọ. Mo gbà á sí òótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé orúnkún mi fún un, àti bí imú mi ṣe ń gbẹ, àti bí n kò ṣe rí ewúro rà, àwọn tó tò sẹ́yìn mi sì ń pọ̀ sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí. Ìgbà tí a dé inú ọkọ̀ ni Bùkọ́lá sọ fún mi.

"Mummy, 'good' nìkan lẹ máa sọ o. Wọn ò fẹ́ gbọ́ ìyókù mà."

Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi mí, màá ní "good", èmi náà á sì bi wọ́n, àwọn náà á ní "good", kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ni mí.

Ṣùgbọ́n bàbá onílàwàní kan wà ní ilé kejì, ará India. Ní gbogbo ọjọ́ tí snow bá rọ̀, kí a tó jí, ó ti fi ṣọ́bìrì kó ti ojú ọ̀nà wa pẹ̀lú tirẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ti wọlé. Mo bi Káyọ̀dé pé kí ni bàbá yìí ń wá. Ó ní bàbá náà kò wá nǹkan kan, ó wù ú láti ṣe é ni.

Ohun tí Káyọ̀dé fẹ́

Ẹ rántí pé máníjà báńkì ni Káyọ̀dé ní Ìbàdàn. Ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe máa ń dìde fún un. Ní Calgary, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Foothills Industrial ló ti ń ṣiṣẹ́, páálí ló ń tò láti ìdájí. Ó gbé mi lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ilé gbọọrọ gbọọrọ ni gbogbo wọn, wọn kò ní fèrèsé, ọkọ̀ tírélà sì tò síwájú wọn. Ó pa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì pa hítà.

"Àǹtí mi, iṣẹ́ náà ò burú. They pay well, mi ò sì ya ọ̀lẹ. It's just that níbí yìí, nobody knows who I am. Kay ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀gá mi ibẹ̀, mo lè bí i lọ́mọ."

Mo ní kó má rò ó.

"Mi ò rò ó. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Yorùbá àdúgbò wa fẹ́ yan alága tuntun, mo sì ti ní mo fẹ́ díje. Kì í ṣe torí ipò, Àǹtí mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Àwọn èèyàn mi tó wà níbí, tó ti rí mi ní gbogbo ọ̀nà, ṣé èmi ni wọ́n fẹ́?"

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ yé. Ohun tí mo gbà síbẹ̀ ni pé àbúrò mi fẹ́ wọlé ìbò. Mo sì pinnu nínú ọkàn mi pé yóò wọlé.

Àwọn ọmọ basement

Ẹni tó fẹ́ bá a du ipò náà ni Dámọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Calgary tí kò mọ ẹnì kan, Káyọ̀dé ló gbà á sílé, basement Káyọ̀dé, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé wọn, ló ń sùn sí títí tó fi ríṣẹ́. Títí di ìgbà tí mo dé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń wá wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, Bùkọ́lá á sì dáná fún wọn. Ó máa ń pe Káyọ̀dé ní "Bọ̀ọ̀dá mi", ó sì máa ń fọ abọ́ kó tó lọ. N kò lè rí ohun kan kà sí i lọ́rùn.

Ní Sátidé kan, mo gbé puff-puff lọ bá wọn nísàlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Ṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, kí n tó dé ìsàlẹ̀ àkàsọ̀.

"Bro, na you we dey for. Bọ̀ọ̀dá na good man, I swear. But you're the one that will actually do the Saturday Yorùbá class fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yẹn."

"Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́," Dámọ́lá dá a lóhùn. "Ilé ẹ̀ la wà."

Bí wọ́n ṣe rí ẹsẹ̀ mi ni gbogbo wọn dìde, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń du àwo lọ́wọ́ mi. "Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ẹ ṣé mà." Mo gòkè padà, ọkàn mi sì bàjẹ́ fún Káyọ̀dé. Mo mọ̀ nígbà náà pé bí wọ́n bá dìbò ní kọ̀rọ̀, yóò fìdí rẹmi.

Virginia nínú ilé ìdáná

Ní àkókò yẹn gan-an ni Sìmí ń kọ iṣẹ́ kan fún olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, lórí bí wọ́n ṣe ń yan àwọn aṣojú lọ sí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Virginia, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró. Orí tábìlì ilé ìdáná ló ti ń kọ ọ́. Ẹ lè fojú inú wò ó bí inú mi ṣe dùn tó. Mo fi ẹ̀wà sílẹ̀ lórí iná, mo jókòó tì í.

Ní Virginia ìgbà yẹn, kò sí àpótí ìbò. Iwájú ilé ẹjọ́ ni àwọn olùdìbò ń péjọ sí. Ọkùnrin tó ní ilẹ̀ á bọ́ síwájú, ṣẹ́ríìfù, olórí agbófinró ibẹ̀, á bi í pé ta ló fẹ́, á sì pe orúkọ ẹni náà sókè ketekete níṣojú gbogbo èèyàn. Àwọn olùdíje fúnra wọn á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ á dúpẹ́ lọ́wọ́ olùdìbò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á ti fún gbogbo èèyàn ní oúnjẹ àti ọtí. Nígbà mìíràn, olùdíje kan á dìbò fún èkejì rẹ̀ láti fi hàn pé kò sí ìjà. Sìmí tilẹ̀ kà á pé nínú ìdìbò àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ni àwọn méjì kan tó bá ara wọn díje, wọ́n jọ rìn nínú snow láti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, wọ́n sì jẹ́ ọ̀rẹ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ìbò.

"Ẹ ò rí i!" ni mo pariwo. "Ọmọlúàbí ni wọ́n!"

Sìmí gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Big Mummy, it wasn't cute. Women couldn't vote. And Black people were property, like the land. Even the ones who could vote, imagine. The rich man everybody depends on is sitting right there, looking at you. How do you say the other guy's name?"

Mo ní kí ó má fi ojú òní wo ti àtijọ́. Tíṣà ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó gbọ́n, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sí i ni Lukman, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, wá kí mi. Wàhálà ló gbé wá.

"Mummy, last time yẹn, fóònù la fi dìbò. Ah! Ìjà dé mà. Àwọn kan ní mo ń wo ìbò àwọn, àwọn kan ní mo yí i. Wallahi, I didn't touch anything. Ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ẹ̀yin àgbà la fẹ́, kí ẹ bá wa bójú tó eléyìí mà. Everybody will respect you."

Mo gbé Virginia kalẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá: olùdíje lórí àga, orúkọ lẹ́nu, ọpẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lukman pàtẹ́wọ́. Ó ní irú èyí làwọn ń wá, kò ní sí ojóró. Mo fi inú rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ń rò ni pé, ta ni yóò wo Káyọ̀dé lójú, lẹ́yìn gbogbo oore rẹ̀, tí yóò pe orúkọ ọmọ kékeré? Mo rò ó bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ìyẹn ló ń dùn mí jù lónìí.

Ó sì yẹ kí nǹkan kan là mí lójú. Ẹ̀gbọ́n olùdíje ni mí, orí àga adájọ́ ni wọ́n sì fẹ́ gbé mi sí. Kò sí ẹni kan nínú ẹgbẹ́ náà tó sọ pé kò bójú mu. Ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbàlagbà níṣojú rẹ̀?

Ọjọ́ ìbò

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, atẹ́gùn gbígbóná kan tí wọ́n ń pè ní chinook ti fẹ́ wá láti ọ̀nà àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn, snow sì ń yọ́ bí yìnyín nínú ife. Gbogbo èèyàn wọ gbọ̀ngàn náà láì gbé kóòtù, wọ́n ń yọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ò fò jù wọ́n lọ. Bùkọ́lá gbé mọ́ínmọ́ín wá, Dámọ́lá gbé pizza. Mo ní ẹ wò ó, bí ti Virginia gẹ́lẹ́ ló rí, kò ku ohun kan ju ọtí lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sìmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó sídìí tábìlì, Káyọ̀dé ní ọwọ́ ọ̀tún mi, Dámọ́lá ní ọwọ́ òsì. Káyọ̀dé ti wọ agbádá funfun rẹ̀ tó fi ṣe ìkómọ Sìmí. Mo na ọwọ́ lábẹ́ tábìlì, mo fi kan tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tí òun àti Bùkọ́lá jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tó wà ní Seton ló kọ́kọ́ jáde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé." Káyọ̀dé dìde, ó ní "Ẹ ṣé gan-an." Èrò pàtẹ́wọ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e pe Káyọ̀dé. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn náà pe Káyọ̀dé. Ní gbogbo ìgbà tí Káyọ̀dé bá dìde dúpẹ́, ojú rẹ̀ á tàn sí i.

Ìgbà tó kan Ṣẹ́gun, mo wò ó dáadáa. Ó wo Dámọ́lá, ó wo agbádá funfun yẹn, ó wo èmi náà. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló sì ń bá sọ ọ́. "Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé." Káyọ̀dé dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti rí ojú ọmọ náà, nítorí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo àwọn ọmọ basement jáde lẹ́yọ lẹ́yọ, gbogbo wọn ló dọ̀bálẹ̀, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn sì pè. Ọpẹ́ Káyọ̀dé ń kúrú sí i. Nígbà tó yá, ó ń mi orí lásán.

Ó kan Dámọ́lá fúnra rẹ̀. Ó dìde ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Káyọ̀dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo dìbò fún sà. Ẹ̀yin lẹ gbà mí sílé." Gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ariwo. Èmi náà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Mo yíjú sí Káyọ̀dé kí ó lè dìbò fún Dámọ́lá padà, bí àwọn ọ̀rẹ́ méjì inú snow yẹn ì bá ti ṣe. Kò dìde. Ó ní òun kò dìbò.

Sìmí ló gbẹ̀yìn. Ó wọ bàtà òjò, ó sì di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn. Kò wo ẹnì kankan bí kò ṣe bàbá rẹ̀.

"Uncle Dámọ́lá," ó ní.

Ẹ lè gbọ́ omi snow tó ń kán láti orí òrùlé. Bùkọ́lá pòṣé láti ẹ̀yìn. Dámọ́lá, tó yẹ kó dúpẹ́, bo ojú rẹ̀.

"I'm sorry, Daddy. I love you. But I think he'll do it better, and she said to say it out loud." Ó nawọ́ sí mi, ó sì lọ jókòó.

Mo kéde pé Káyọ̀dé ti di alága.

Ilé dákẹ́

Òtútù padà dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo omi tó ti yọ́ sì dì padà, ojú títì le, ó ń yọ̀. Káyọ̀dé pe ìpàdé àkọ́kọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn wá, Lukman wá, ìwọ̀nba àwọn àgbà díẹ̀ wá. Àwọn ọmọ basement ní iṣẹ́ pọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹgbẹ́ lórí fóònù Káyọ̀dé, tó máa ń dún títí mi ò fi lè sùn lọ́sàn-án, dákẹ́. Ní Sátidé, Bùkọ́lá se ìrẹsì púpọ̀ bó ti máa ń ṣe, kò sì sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí basement. Dámọ́lá kọ̀wé sí Bùkọ́lá lórí fóònù pé ẹ má bínú mà, òun ń lọ wo ilé tuntun kan. A jẹ ìrẹsì náà fún ọjọ́ púpọ̀.

Mo gbìyànjú láti tu Káyọ̀dé nínú. Ìdí síńkì ló wà, ó ń fọ abọ́ tí Dámọ́lá máa ń fọ.

"Káyọ̀dé, o wọlé o! Gbogbo wọn ló pe orúkọ ẹ. Kí ló tún kù?"

Kò yíjú padà. "Àǹtí mi, ta ni nínú wọn tó fẹ́ mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Mo dárúkọ nọ́ọ̀sì. Mo dárúkọ Lukman. Mo dárúkọ Dámọ́lá, ẹnu mi sì wúwo.

"Ẹ máa dárúkọ wọn lọ, mà. Ẹ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Mi ò ní mọ̀ láéláé. Ká ní mo fìdí rẹmi, mà bá mọ̀. Ká ní ẹyọ mẹ́ta péré ló dìbò fún mi ní kọ̀rọ̀, mà bá mọ̀ pé àwọn mẹ́ta kan fẹ́ mi." Ó pa ẹ̀rọ omi. "Ìbò kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé ó ti ọkàn wá. Ìyẹn sì ni ti Sìmí."

Mo fẹ́ sọ pé mo ṣe é nítorí rẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní ṣe é láǹfààní. Ohun kan péré ni ọmọ ìyá mi fẹ́ mọ̀ ní ìlú àjèjì yẹn, èmi ni mo sì dí ọ̀nà ibẹ̀ pa.

Òun àti Sìmí kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ ìbò. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó kù dẹ̀dẹ̀ kí n padà, snow tún rọ̀, Káyọ̀dé sì jáde láti kó ti ojú ọ̀nà. Bàbá onílàwàní ti kó o. Káyọ̀dé dúró síta pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ó ń wo ojú ọ̀nà mímọ́ náà pẹ́. Sìmí ń jáde lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, mo sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé tí mo ṣí díẹ̀.

"Sìmí. O ṣé."

"For what, Daddy?"

"Ìbò yẹn. Mi ò dúpẹ́ lọ́jọ́ náà."

"You don't thank the person who didn't vote for you." Ó gbé báàgì rẹ̀ sókè léjìká. "That's not how they did it."

"Mo mọ̀," ni Káyọ̀dé wí. Ó fà á mọ́ra, ṣọ́bìrì ṣubú, mo sì ti fèrèsé nítorí pé omi ti bò mí lójú.

Ìpadàbọ̀

Gbogbo wọn ló sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú. Bùkọ́lá kó ṣokoléètì tí ẹ jẹ yẹn sínú báàgì mi. Sìmí dì mọ́ mi, ó sì sọ sí mi létí pé olùkọ́ òun ti fún òun ní máàkì tó dára fún iṣẹ́ Virginia náà, ó ní èmi náà ní ìpín níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, mo sì gbìyànjú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n wọlé, Káyọ̀dé bọ́ fìlà òtútù rẹ̀, ó kó fóònù àti kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀. Gbalaja, bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ tí mo dé, kóòtù tó nípọn yẹn náà ni. Àwọn èèyàn tún dúró. Mo na ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, mo súre fún un, mo ní kó dìde. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, n kò rí i.

Mo fẹ́ bi í pé ṣé ó ti dárí jì mí. Ó ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò sọ, nítorí pé àbúrò mi ni, mo sì dúró sí orí rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Yóò ní, "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí mi." Mo gbé báàgì mi, mo wọlé, n kò bi í.